Rédíò Tí Àwọn Ọmọ Kò Dá Lóhùn

Iṣẹ́ mi ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi tó wà ní Apòmù nígbà náà kò ju kí n fọ ìdí ọmọ, kí n fún wọn lóúnjẹ, kí n sì tẹ́ ẹní fún wọn lọ́sàn-án kí wọ́n sùn. Mi ò kàwé lọ títí. Kéwú ni mo kọ́kọ́ mọ̀, ẹ̀kọ́ àgbà tí a máa ń lọ nírọ̀lẹ́ ló sì kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí tí mò ń kọ yìí. Mọ́ínmọ́ín ni mo ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ìyá tó ni ilé-ìwé, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, ló ṣàkíyèsí pé bí ọmọ bá ń sunkún, ìdí ìkòkò mi ló máa ń sá wá. Wọ́n bá ní, "Ìyá, ẹ kúkú gbé ìkòkò yín wọlé. Ẹ wá máa bá wa tọ́jú wọn." Bí mo ṣe dèrò inú ilé-ìwé nìyẹn, lẹ́yìn tí orí mi ti ń funfun.

Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni ilé-ìwé ọ̀hún. Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn máńgòrò ni oko ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ ni oko kòkó, inú oko kòkó yẹn sì ni odò kékeré kan gbà kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé odò yẹn.

Nínú àwọn ọmọ náà, kò sí èyí tó tíì pé ọdún mẹ́fà. Ilé tí wọ́n ti wá, Yorùbá ni wọ́n ń sọ láti àárọ̀ dalẹ́. Bàbá eléyìí lóko kòkó, ìyá tọ̀hún ń ta gaàrí lọ́jà Apòmù, ti ẹnì kan ń wa ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú ọmọ wá. Bàbá kan wà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ju "come" àti "go" lọ. Bí ó bá wá mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́sàn-án, á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ní, "Kí lẹ kọ́ lónìí? Sọ ọ́ kí n gbọ́." Ọmọ á ní, "Table. Chair." Ó tán. Bàbá á gbé e sí iwájú kẹ̀kẹ́, á máa rẹ́rìn-ín lọ bí ẹni tó rí owó he.

Ẹni tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì yìí, Àǹtí là ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ọmọ Ìkirè ni, ìyá rẹ̀ ń dín dòdò lẹ́bàá títì níbi tí àwọn ọkọ̀ Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ti máa ń dúró. Ìwé-ẹ̀rí Gíréèdì Tuu ló ní, ó sì ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ kó lè tún padà lọ sí ilé-ìwé àwọn olùkọ́. Mo ti rí olùkọ́ tó ń fi ẹgba kọ́ni, mo ti rí èyí tó ń fi ariwo kọ́ni. Ti Àǹtí yàtọ̀. Gbogbo ara ló fi ń kọ́ni. Kò ní pe "sit down" kó má jókòó, kò ní pe "jump" kó má fò. Ọjọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn ní "water", garawa ló gbé wá, ó sì wọ́n omi sí wọn lójú títí gbogbo wọn fi ń pariwo "Water! Water!" Èmi náà gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń fọ àwo, mo sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Lọ́jọ́ tó kọ́ wọn ní "goat", ó fi orúnkún àti ọwọ́ rìn yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ po, tòun ti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ewúrẹ́ tó ní ìwé-ẹ̀rí!" Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní èèpo ẹ̀gẹ́ jàre."

Èmi náà ní ohun kan tí mò ń kọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹnì kan nínú oko ẹ̀gẹ́ ń ké sí ẹnì kejì rẹ̀ tó wà ní òdì kejì odò. Ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan nínú àwọn ọmọ wa rò pé òun ni wọ́n ń pè. Ó dáhùn, ó sì tẹ̀ lé ohùn náà. Kí n tó ka orí àwọn tó wà lórí ẹní, ẹnì kan ti dín. Mo sáré yí ilé-ìwé po. Àgbẹ̀ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń dáko kòkó níbẹ̀, ló gbé e kọ́ èjìká bọ̀ wá. Etí odò ló ti rí i. Ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ní wọ́n pe òun o." Mo jókòó sórí ilẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré pé bí èèyàn bá gbọ́ ohùn tó ń pè é lọ́sàn-án gangan, tí kò rí ojú ẹni tó ń pè é, kó má ṣe dáhùn. Ìyá mi a máa fi iwin kún un. Èmi ò bá àwọn ọmọ wa sọ ti iwin rárá, odò tó wà níbẹ̀ ti tó mi. Mo ní, "Bí ẹ bá gbọ́ ohùn, tí ẹ kò rí olóhùn, ẹ pa ẹnu mọ́." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í dúró létí ọmọdé, àfi ohun tó bá fi ẹnu jẹ. Mo bá sọ ọ́ di eré. Lójoojúmọ́, kí wọ́n tó jẹun, màá lọ sápamọ́ sí ẹ̀yìn ògiri, màá yí ohùn padà, màá máa ké pé, "Ìwọ tó wọ aṣọ pupa, máa bọ̀ o! Ẹ wá gba súìtì o!" Ẹni tó bá dáhùn, mọ́ínmọ́ín lásán ni tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ìka lé ètè, tó pa ẹnu mọ́, màá gé dòdò kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá Àǹtí ni dòdò náà ti ń wá, Àǹtí ló máa ń bá mi gbé e bọ̀ láàárọ̀ nínú ewé. Dòdò Ìkirè, ẹ mọ̀ ọ́n, ó dúdú, ó ta lẹ́nu, ó sì dùn. Kí oṣù kan tó pé, ẹ ò lè fi ohùn tí kò lójú gba ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn mọ́. Inú mi dùn. Mo ní èmi náà ti di olùkọ́.

Ọ̀rọ̀ dé nígbà tí ọmọ Mọ̀mí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi rédíò ńlá kan ránṣẹ́. Ó dúdú, ó gùn bí àpótí aṣọ, ojú méjì tó rí roboto ló fi ń sọ̀rọ̀, àyè kásẹ́ẹ̀tì sì wà láàárín. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bá a wá. Ohùn obìnrin òyìnbó kan ló wà nínú wọn. Á kí àwọn ọmọdé, á bi wọ́n ní orúkọ, á bi wọ́n ní iye ọdún tí wọ́n jẹ́, á sì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n lè dá a lóhùn, lẹ́yìn náà á kọrin. Lónìí, ọmọ tí ọmọ-ọmọ mi bí ń tẹ fóònù, fóònù ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó ń yà wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, rédíò tó ń bi ọmọ ní orúkọ! Àwọn obìnrin tó ń lọ ọjà sọ ẹrù kalẹ̀ lójú wíńdò kí wọ́n lè wò ó.

Mọ̀mí wọ aṣọ tó dára lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi gíláàsì ojú wọn kọ́rùn, wọ́n ní kí àwọn ọmọ jókòó. "Ẹ fetí sílẹ̀ o. Lónìí, ẹ ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ẹnu ẹni tó ni ín." Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Obìnrin òyìnbó náà fi ayọ̀ kígbe, "Good morning, children!"

Wọ́n dákẹ́.

"How are you today?"

Wọ́n tún dákẹ́. Ọmọbìnrin bàbá oníkẹ̀kẹ́ yẹn fi ìka lé ètè. Àwọn tó kù wò ó, gbogbo wọn náà bá fi ìka lé ètè. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré fẹ́ ṣí ẹnu, èyí tó jókòó tì í fi ọwọ́ bò ó. Òyìnbó ń kọrin, ó ń pàtẹ́wọ́, òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ títí ó fi tán.

Mọ̀mí ní, "Kí ló ṣe wọ́n? Ṣé odi ni wọ́n ni?"

Àǹtí sáré dìde, ó dúró síwájú wọn. "Good morning, children!"

Wọ́n dáhùn, páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí: "Good morning, Aunty!"

"What is your name?" Kálukú ń sọ orúkọ tirẹ̀, ń fi ọwọ́ lu àyà. Mọ̀mí tún tẹ bọ́tìnnì. Òyìnbó tún bi wọ́n ní ohun kan náà. Ẹnu tún pa dé.

Báyìí ló rí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún Àǹtí bí ẹyẹ ìbákà, kí rédíò ṣáà ti sọ̀rọ̀, ó ti di igi. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Mo ní bóyá ohùn òyìnbó náà ló ń yára jù.

Mọ̀mí ní èrò tiwọn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n pe Àǹtí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí pé ògiri kò gùn dókè. "Mi ò bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì Ìkirè lo fi kún etí wọn, ìyẹn ni Gẹ̀ẹ́sì gidi kò fi ráàyè wọlé. Mo ti sọ fún àwọn òbí pé wọ́n á gbọ́ bí ọmọ wọn ṣe ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìparí sáà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Bí wọn kò bá dá rédíò yẹn lóhùn, màá mú ẹlòmíràn wá láti Ìbàdàn ní sáà tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí wá bá mi nídìí ẹ̀wà. Kò sunkún, kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó kó ẹ̀wà bíi mélòó kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Ìyá, mo sọ fún màmá mi lánàá. Ẹ mọ ohun tí wọ́n wí? Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ẹni tí ọ̀gá lé lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ti gbọ́ ẹni tí olè lé, àwọn kò tíì gbọ́ ẹni tí rédíò lé."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì jìnnà. Ó ní, "Wọ́n ní kí n wá máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó, Ìyá. Ṣùgbọ́n ta ló máa ṣe ewúrẹ́ fún àwọn wọ̀nyí?"

Mo gba ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á padà sínú àwo.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mi ò ṣe eré wa nítorí pé mọ́ínmọ́ín pẹ́ kó tó jinná. Mọ̀mí tan rédíò, òyìnbó sọ tirẹ̀, àwọn ọmọ kò wí nǹkan kan, Mọ̀mí jáde tìbínú-tìbínú. Mo ń gbé àwo kalẹ̀ nígbà tí ọmọ oníkẹ̀kẹ́ yẹn rìn wá síwájú mi, ó na ọwọ́.

"Ìyá, dòdò mi."

Mo ní, "Dòdò wo? A ò tíì ṣeré lónìí."

Ó ní, "A ti ṣe é. Mi ò dá a lóhùn."

"O ò dá ta ni lóhùn?"

Ó fi ẹnu júwe rédíò. "Ìyá yẹn. Ó ń pè wá, a ò rí i, mi ò dáhùn." Kí n tó gbé ojú sókè, gbogbo wọn ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó kéré jù ní, "Èmi náà ò dáhùn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ pàápàá, ẹ ò fún wa."

Àwo tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e padà sínú abọ́ omi. Àṣé èmi ni. Èmi ni mo fi dòdò ìyá Àǹtí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

Mo fún wọn ní dòdò o. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí n tún un ṣe jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó tó ta sí ẹnikẹ́ni létí. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ẹ lè dá èyí tó wà nínú rédíò lóhùn. Òun kò burú."

Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ní, "Ṣé ẹ ti rí i?"

Mo ní, "Rárá, Lọ́ńdọ̀nù ló wà."

"Níbo ni Lọ́ńdọ̀nù?"

"Ó jìnnà."

"Ṣé ó kọjá odò?"

Mo ní, "Ó kọjá odò dáadáa."

Ọmọ náà mi orí, ó ní, "Ẹ ní ká má dá ẹni tó wà ní òdì kejì odò, tí a ò rí, lóhùn." Ó sì bá jíjẹ dòdò rẹ̀ lọ. Òfin tí mo ṣe dè mí lọ́wọ́, ó dè mí lẹ́sẹ̀. Mi ò sì lè pa òfin náà rẹ́, odò ṣì wà níbi tó wà.

Mo bi ara mi pé, ṣé kí n dákẹ́ ni? Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìkirè yẹn ti fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ilé láràárọ̀ fún ọdún méjì, tòun ti ewé dòdò mi lọ́wọ́. Mo pè é sídìí máńgòrò, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé á bínú. Ó wò mí, ó wo rédíò lójú wíńdò, ẹ̀rín sì gbé e ṣubú sórí gbòǹgbò máńgòrò. "Ìyá! Èmi ni mò ń gbé dòdò náà wá! Èmi ni mò ń ru igi tí wọ́n fi ń nà mí!"

Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó gbọn eruku ara síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní, "Ojú ni wọ́n fẹ́ rí nìyẹn. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọn kò gbọ́."

Mo ní, "Ojú ni. Ká tiẹ̀ ní a lè rí òyìnbó náà mú wá kí wọ́n kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó ní, "Bọ́tìnnì pupa kan wà lára rédíò yẹn, Ìyá. Èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀."

Àwa méjèèjì lọ bá Mọ̀mí. Mo kúnlẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù wọ́n lọ, nítorí ẹjọ́ tèmi ni mo wá rò. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ dìde, kí ni ìtumọ̀ èyí?" Mo sọ ọ́ láti orí odò dé orí dòdò. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ọmọ mi san owó ọkọ̀ òfurufú fún rédíò, ẹ̀yin wá ń san dòdò fún wọn kí wọ́n má bá a sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ló rí, Mọ̀mí. Mi ò mọ̀ ni."

Ètè wọn ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn kò rẹ́rìn-ín ṣáá. Àǹtí ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ohùn ara òun sínú kásẹ́ẹ̀tì lójú àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ bí ohùn ṣe ń wọ inú rẹ̀. Mọ̀mí ní, "Gẹ̀ẹ́sì Ìkirè nínú rédíò Lọ́ńdọ̀nù!" Wọ́n fi ọwọ́ nu orí rédíò náà. "Ẹ gbìyànjú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi kò yí o. Bí wọn kò bá dáhùn lójú àwọn òbí, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Kásẹ́ẹ̀tì òfìfo la wá fẹ́. Ẹni tó ń tà á ní Ìkirè ní ó ti tán lọ́wọ́ òun, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta kí àwọn òbí dé. Mo lọ sílé, mo mú ọ̀kan nínú kásẹ́ẹ̀tì wáàsí mi. Ó kọ́kọ́ ṣe mí bí ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní Ọlọ́run mọ ọkàn mi, ọ̀rọ̀ bí aládùúgbò ṣe ń ran aládùúgbò lọ́wọ́ ló sì wà nínú rẹ̀, mo ti mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Ihò kékeré méjì máa ń wà ní etí kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti gba ohùn sí. Bí èèyàn kò bá dí i, kò ní gba ohùn mìíràn. Bébà la fi dí i, Àǹtí fi itọ́ lẹ̀ ẹ́, a tún fi oyin díẹ̀ kún un.

Ó gbé rédíò sórí àga, ó kó àwọn ọmọ yí i ká. Ó ní, "Ẹ wò mí lẹ́nu o." Ó tẹ bọ́tìnnì pupa, ó sọ̀rọ̀: "Good morning, children!" Ó fi àyè sílẹ̀. "How are you?" Ó tún fi àyè sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé orí orúkọ àti ọjọ́ orí, dé orí omi, dé orí ewúrẹ́, ó sì fi orin parí rẹ̀. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde, ẹnu rẹ̀ sì pa dé. Àwọn ọmọ wo rédíò, wọ́n wo ẹnu rẹ̀. Ọ̀kan fi ọwọ́ kan ọ̀fun Àǹtí wò. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ lọ wo ẹ̀yìn rédíò, ó padà wá jíyìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí ni. Àǹtí ló ni ohùn yẹn."

Ó kọjú sí rédíò, ó kúnlẹ̀ dáadáa bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó ní, "Good morning, Aunty."

Mo ní kí n lọ wo iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná, omi ló wà lójú mi.

Ọjọ́ ìparí sáà pé. Àwọn òbí kún abẹ́ máńgòrò, fìlà àti ìborùn. Ìyá Àǹtí náà wá láti Ìkirè pẹ̀lú àwo dòdò ńlá kan tó fi aṣọ funfun bò. Ó ní òun wá wo rédíò tó fẹ́ gba iṣẹ́ ọmọ òun. Mọ̀mí dìde, wọ́n kí gbogbo èèyàn, wọ́n sì wo Àǹtí bí ẹni pé wọ́n ń wo òjò tó ṣú. Àǹtí tẹ bọ́tìnnì. Ó jókòó jìnnà sí rédíò, ó pa ẹnu mọ́ kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Good morning, children!"

Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀ fún rédíò, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀. "Good morning, Aunty!"

Ariwo sọ. Rédíò bi wọ́n ní orúkọ, wọ́n sọ ọ́. Ó bi wọ́n ní ọjọ́ orí, wọ́n na ìka. Nígbà tó dé orí ewúrẹ́, ogún ọmọ dà sílẹ̀, wọ́n ń fi orúnkún àti ọwọ́ rìn láàárín ẹsẹ̀ àwọn òbí wọn, wọ́n ń ké "Goat! Goat!" Bàbá oníkẹ̀kẹ́ dìde dúró, ó ń na ìka sí ọmọ rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé, "Tèmi nìyẹn! Ewúrẹ́ tó wà níwájú yẹn, tèmi ni!" Orin tán. Àwọn òbí ń pàtẹ́wọ́. Àǹtí dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń kúnlẹ̀ fún wọn, kò rántí pa rédíò.

Ohùn Àǹtí ti tán nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì kò tíì tán. Wáàsí mi ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn ńlá ti ààfáà, tó máa ń kí àwọn èèyàn lemọ́lemọ́ láàárín wáàsí, bú jáde láti inú rédíò: "Àsàláámù aláékúmù!"

Gbogbo abẹ́ máńgòrò, bàbá, ìyá, èmi náà pẹ̀lú wọn, a dáhùn pa pọ̀: "Wàláékúmú sàláámù!"

Àwọn ọmọ wò wá bí ẹni pé a ti ya wèrè. Wọn kò rí ààfáà náà rí. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo wọn fi ìka lé ètè. Èyí tó kéré jù sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó lẹ́nu. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ dojú kọ bàbá rẹ̀, ó na ìka sí i, ó ní, "Ẹ má dáhùn! Ẹ ò rí i!" Ààfáà tún kí wa lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn òbí tún ṣí ẹnu, àwọn ọmọ tún pariwo, "Ṣṣṣ!"

Mọ̀mí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí wọ́n ti gbé mì lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́ ni gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Wọ́n bọ́ gíláàsì, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n fa Àǹtí mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Kásẹ́ẹ̀tì òyìnbó mẹ́ta ló ṣì wà nílẹ̀. Ní sáà tó ń bọ̀, ìwọ ni o máa jókòó ti rédíò, kó o kọ́kọ́ kí òyìnbó náà lójú wọn bí aládùúgbò, kí wọ́n lè mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìwọ bá mọ̀ ni àwọn wọ̀nyí máa dá lóhùn." Wọ́n tún ní, "Kó o tètè dé o."

Àǹtí ní, "Ẹ ṣé, Mọ̀mí." Òun náà ló sì kọ́ wọn títí tó fi tu owó rẹ̀ jọ tán, tó lọ sí ilé-ìwé àwọn olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò tíì parí fún èmi. Bí wọ́n ṣe pa rédíò, mo rí i tí àwọn ọmọ ń tò. Ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ló ṣíwájú, eruku ewúrẹ́ ṣì wà lórúnkún rẹ̀. Wọ́n gba àárín àwọn òbí kọjá, wọ́n wá dúró síwájú mi, wọ́n na àtẹ́lẹwọ́.

"Ìyá, a ò dá ààfáà lóhùn."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mi ò mú dòdò kankan lọ́wọ́. Ìyá Àǹtí ti ṣí aṣọ funfun lórí àwo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ níbí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin nìkan ni. Àwọn bàbá yín dáhùn."